Ìbọn Tí Bàbá Fi Sílẹ̀: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Mi

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú nínú èyí tó wọlé lóṣù yìí, torí pé ìbọn àtijọ́ ni gbogbo wọn dá lé. Ẹni tó bá ń ka abala yìí fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ ọdẹ ni mí, láti abúlé kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Lancaster ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni mo ń gbé láti 1988. Ọdún 26 ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń gé irin kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìsàlẹ̀ ilé mi ni mo ti ń tún ìbọn ọdẹ ṣe báyìí: tábìlì onípákó kan, fáìsì méjì, ìkòkò irin gbọọrọ kan, àti iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ní Amẹ́ríkà níbí, ẹni tó bá sọ àtúnṣe ìbọn di òwò gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀.

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá ọkọ mi kú lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì fi Winchester 94 wọn sílẹ̀ fún ọmọkùnrin mi. Ó ti dípáàrà, igi rẹ̀ dúdú kirikiri, ojú ọgbẹ́ sì pọ̀ lára rẹ̀. Ọkọ mi ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá igi, ó fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ máa dán bí tuntun kí àkókò ọdẹ tó dé. Ṣé kó ṣe é? (Ìyá Ìbejì, Harrisburg)

Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi gba ẹ̀rọ yẹn lọ́wọ́ bàálé yín lónìí, kẹ́ ẹ gbé e pamọ́. Kí wọ́n má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ àti ìfẹ́ bàbá ló mú wọn rà á.

John Moses Browning ló ronú kan irú ìbọn yìí, Winchester gbé e jáde ní 1894, ó sì ti lé ní mílíọ̀nù 7 tí wọ́n ti rọ. Àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ lásán ló ń rà á. Ẹ yí i sódì, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ irin àárín rẹ̀ (èyí tó so ọ̀pá mọ́ igi), òun ló máa jẹ́ ká mọ ìgbà tí wọ́n rọ ọ́. Tó bá ti ṣáájú 1964, àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ á máa wá a kiri, torí ọdún yẹn ni ilé-iṣẹ́ náà yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é padà kí ìnáwó lè dín kù. Ẹ̀rọ ìfági lè ba iyì yẹn jẹ́ kí ìrẹsì tó jinná. Tó bá wá fá nọ́ńbà yẹn kúrò pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ ti di ti òfin ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀.

Kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun, ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Winchester 94 ń kó ọta sínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ ọ̀pá ńlá, ọ̀kan sì lè há síbẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Kí bàálé yín gbé e síta, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀, kí wọ́n máa ṣí i kí wọ́n máa pa á dé léraléra, kí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo inú, kí wọ́n sì ti ìka bọ ibi tí ọta ń jókòó sí. Ọta kankan kò gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá tí wọ́n ti fẹ́ ṣiṣẹ́.

Ìpáàrà tó wà lára rẹ̀, oríṣi méjì ni. Èyí tó pupa, tó ń yọ lulẹ̀ bí a bá fi ìka kàn án, ṣì ń jẹ irin lọ. Èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀, tó dì mọ́ irin tó sì ń dán díẹ̀ bí awọ ọwọ́ àgbàlagbà, ti jókòó, kò jẹun mọ́. Ti àkọ́kọ́ la fẹ́ lé lọ. Ìkejì, ẹ fi í sílẹ̀, ọjọ́ orí ìbọn náà ni. Ẹ fi kẹrosíìnì pa èyí tó pupa, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ẹ wá owó ẹyọ síẹ̀ǹtì kan tí wọ́n ṣe ṣáájú 1982, torí pé bàbà ló pọ̀ jù nínú wọn; síńkì tí wọ́n fi bàbà bò ló dé lẹ́yìn ìgbà náà. Bàbà rọ̀ ju irin ìbọn lọ, etí owó náà á fá ìpáàrà kúrò láì ha ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n fi irun irin tó kúnná jù lọ rà á pẹ̀lú epo, èyí tí wọ́n kọ 0000 sára páálí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Mo máa ń gbọ́ rédíò bí mo bá ń ṣe é, kí ọwọ́ má bàa yá jù.

Kí wọ́n má sì fi súkúrúdíráfà tí a fi ń tún àga ṣe ṣí i. Ẹnu irú rẹ̀ tín-ín-rín nísàlẹ̀, ó nípọn lókè, kì í kún ojú ihò súkúrúù ìbọn, á kàn yọ, á sì ya á. Wọ́n ń ta èyí tí ẹnu rẹ̀ gún régé fún iṣẹ́ ìbọn. Súkúrúù tó bá ya ni mo kọ́kọ́ máa ń wò lára ìbọn tí wọ́n bá gbé wá, òun ló ń sọ irú ọwọ́ tó ti kàn án.

Nípa igi tó dúdú: kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan. Bàbá ọkọ yín ń pa irin lépo, ó ń gbé ìbọn dúró sígun pẹ̀lú ẹnu sókè, epo sì ń ṣàn lọ́dọọdún wọ inú igi. Ẹ lọ ṣọ́ọ̀kì funfun kúnná (ẹfun ni ìyá mi ì bá pè é), ẹ fi ásítóònù (omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò) pò ó bí ẹ̀kọ tó nípọn, ẹ fi lẹ igi náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bó ṣe ń gbẹ ló ń fa epo jáde, ẹ máa rí i tí ẹfun náà ń yí sí àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ gbọ̀n ọ́n kúrò, ẹ tún lẹ òmíràn mọ́ ọn. Ìta ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, níbi tí iná kò sí rárá, torí ásítóònù ń yára gbiná. Láti ìgbà náà lọ, ẹ máa gbé ìbọn yín dúró pẹ̀lú ẹnu sílẹ̀ lórí aṣọ.

Ẹ má fi sáńpépà kàn án. Ibi tí igi bá wọnú láìgé, ẹ tẹ́ aṣọ tútù lé e, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé orí aṣọ náà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ooru omi á wọ inú igi, á wú u padà sókè. Mo ti rí ihò tó gba ẹ̀wà kan tó kún padà lẹ́ẹ̀mẹta tí mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀bẹ ti gé kò ní wú. Kẹ́ ẹ má ṣe yọ ọ́ lẹ́nu.

Ìdí wà tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ní 2003, aládùúgbò mi kan gbé ìbọn bàbá rẹ̀ wá. Mo fá igi rẹ̀, mo pa á lépo títí ó fi ń dán bí dígí. Nígbà tó wá gbé e, ó yí i sódì, ó ń fi àtàńpàkò wá nǹkan lábẹ́ rẹ̀. Kò rí i. Ilà 11 ni bàbá rẹ̀ fi ọ̀bẹ fà síbẹ̀, ilà kan fún àgbọ̀nrín kan. Mo rí àwọn ilà náà kí n tó fá a, mo rò pé ìbàjẹ́ ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé ìbọn rẹ̀ lọ. Ó ti lé ní 20 ọdún, mo ṣì ń rí àtàńpàkò yẹn.

Nítorí náà, kí ẹ̀yin àti ọmọ yín kọ́kọ́ jókòó ti ìbọn náà ní ìrọ̀lẹ́ kan, kẹ́ ẹ ya fọ́tò gbogbo ara rẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi àwọn àgbà ilé ọkọ yín léèrè àmì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá fi òróró lín-síìdì pa igi rẹ̀, ẹ̀kán díẹ̀, kẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra á títí ọwọ́ á fi gbóná. Aṣọ tí ẹ bá fi nù ún, ẹ má ká a jù sígun o. Òróró yìí máa ń gbóná fúnra rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, aṣọ tó bá ká jọ lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ sórí okùn níta, tàbí kẹ́ ẹ rì í sínú omi.

Àkókò ọdẹ yẹn náà, kó má lé yín léré. Mo mọ bó ṣe rí ní Pennsylvania. Kó tó di 2019, ọjọ́ Ajé ẹ̀yìn Thanksgiving (ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà) ni ọdẹ àgbọ̀nrín ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé a sì tì. Sátidé ló wà báyìí. Kí ọmọ yín má yin ìbọn yìí títí alágbẹ̀dẹ ìbọn tó níwèé àṣẹ á fi yẹ̀ ẹ́ wò láti inú dé òde. Bí ìyẹn bá di ọdún tó ń bọ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ káàsán sà. Ọdẹ ni bàbá bàbá mi. Láti 1996 tí wọ́n ti kú ni ṣakabùlà wọn ti wà lájà, ó ti dógùn-ún. Mo fẹ́ fúnra mi tún un ṣe nínú ilé, kí n ra ẹ̀tù díẹ̀, ká yìn ín lọ́jọ́ ìrántí wọn. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? (Ọmọ Ọdẹ, Ṣakí)

Ọmọ mi, bó bá ṣì wà lájà, má tíì gbé e sọ̀. Bó bá ti wà nílẹ̀, má dúró síwájú ẹnu rẹ̀, má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn.

Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ṣakabùlà, kò ṣeé ṣí ìdí rẹ̀ wò. Ọdẹ tó lọ sóko tí kò rí ẹran yìn lè gbé ìbọn tó ti kì wálé, kó gbé e kọ́. Bí ikú bá wá bá a lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ẹ̀tù dúdú tó gbẹ kì í kú. Ó lè wà nínú ọ̀pá fún 30 ọdún, fún 100 ọdún pàápàá, kó sì gbiná bí ìgbà tí wọ́n kì í lánàá. Bàbá mi kì í fi iṣẹ́ yìí rán ẹlòmíràn. Á mú ọ̀pá ọparun tẹ́ẹ́rẹ́, á tì í jẹ́jẹ́ wọ ẹnu ìbọn títí á fi kanlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fi èékánná sàmì sí ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Á wá fa ọ̀pá náà yọ, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn lóde kí àmì náà bá ẹnu dọ́gba. Bí orí ọ̀pá bá dé ibi ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé, inú ṣófo. Bí kò bá dé ibẹ̀, nǹkan wà nínú. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, má gún un, má gbé e sún mọ́ iná, má sì yìn ín kó lè jáde. Olórí ọdẹ àdúgbò yín ni kí o ké sí.

Òfin ló kàn. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ṣakabùlà mọ́ àwọn ìbọn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó ní in, ìwé tí bàbá bàbá rẹ gbà kò sì lè di tìẹ nítorí pé o jogún ìbọn wọn. Òfin yìí kan náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa rọ ìbọn tàbí máa tún un ṣe nínú ilé bó ṣe wù ú. Èmi tí mo wà ní Lancaster láǹfààní tí ìwọ kò ní, n kò sì ní fi iṣẹ́ ọwọ́ mi tì ọ́ sínú wàhálà. Ìwọ àti olórí ẹbí àti olórí ọdẹ, ẹ jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láìgbé ìbọn dání, kẹ́ ẹ ṣàlàyé pé ogún ni, kẹ́ ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe. Má ra ẹ̀tù. Má fọwọ́ kan ohun tó ń tanná rẹ̀.

Bí wọ́n bá gbà kó wà nílé, tí inú rẹ̀ sì ṣófo, iṣẹ́ kékeré ló kù: nu eruku rẹ̀, fi epo ẹ̀rọ ránṣọ pa irin, fi òrí pa igi. Òrí ni bàbá mi ń lò, mo sì lè jẹ́rìí sí i. Awọ ẹran tí wọ́n fi dì í níbi tí igi ti ya, wáyà tí wọ́n wé mọ́ ọn, óńdè tí wọ́n so mọ́ ọn, má tú ọ̀kankan. Ọwọ́ bàbá bàbá rẹ ló wà níbẹ̀.

Ní ti ọjọ́ ìrántí, ìjálá ló yẹ kó dún lójúde yín. Wá àwọn ọdẹ tó mọ oríkì wọn dé ìdí.

Bàbá mi, mo ra ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan tó ti pẹ́ gan-an, ara ọ̀pá rẹ̀ ní àwòrán bí omi tó ń rú. Ọ̀rẹ́ mi ní òun á rì í sínú iyọ̀ gbígbóná tó ń sọ irin di dúdú. Mo fẹ́ fi máa yin ẹyẹ. (Ará Houston)

Má jẹ́ kó rì í. Sódà líle àti iyọ̀ náítíréètì ni wọ́n ń sè fún iṣẹ́ yẹn, ó ń gbóná tó 140 °C, ó sì ń jẹ òjé tí wọ́n fi lẹ ọ̀pá méjèèjì pọ̀. Wọ́n á tú. Àwòrán tí o rí yẹn náà á sì parẹ́, kò sì yẹ kó parẹ́ láé. Àwọn alágbẹ̀dẹ lọ́ irin rírọ̀ àti irin líle pọ̀ bí ẹni ń lọ́ okùn, wọ́n wé e yí ọ̀pá kan ká, wọ́n fi iná àti òòlù lù ú pọ̀ títí ó fi di ohun kan ṣoṣo. Damascus ni wọ́n ń pè é, Liège ní Belgium sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Bí mo bá rí ọ̀kan, mo máa ń jókòó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

Ṣùgbọ́n má yìn ín. Ojú ibi tí wọ́n ti lù ú pọ̀ ni ìpáàrà máa ń gbà wọlé, láti inú, níbi tí ojú kò dé. Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún, agbára ọta òde òní lè fà á ya níbi tí ọwọ́ òsì rẹ bá dì í mú. Ra òmíràn fún ẹyẹ.

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 24. Springfield 1903, ìbọn ológun Amẹ́ríkà àtijọ́ tí ẹnì kan ti sọ di ìbọn ọdẹ, ni mo ń tún ṣe. Mo fi oògùn dúdú inú ìgò kùn ún, ó ti ń ṣí. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ tí kì í ṣí? Springfield Armory ni wọ́n kọ sí i, nọ́ńbà rẹ̀ lé díẹ̀ ní 614,000. (Ọmọ Yorùbá ní Minnesota)

Inú mi dùn pé o kọ nọ́ńbà yẹn sí i, torí òun ni n ó kọ́kọ́ dáhùn. Springfield 1903 tó ti Springfield Armory jáde tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 800,000, àti ti Rock Island Arsenal, ilé-iṣẹ́ kejì tó ń rọ ọ́, tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 285,507, irin àárín wọn kò ṣeé fọkàn tán. Ojú lásán ni àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà náà fi ń mọ̀ bí irin ṣe gbóná tó, bí alágbẹ̀dẹ wa ṣe ń wo pupa rẹ̀ nínú iná. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, ìmọ́lẹ̀ ń tan ojú jẹ. Irin tó ti gbóná kọjá ààlà á dà bí èyí tí kò tíì tó, wọ́n á sì dá a padà síná. Irú irin bẹ́ẹ̀ lè fọ́ bí àpáàdì. Ní 1917 ni àwọn kan fọ́ mọ́ àwọn tó ń yìn wọ́n lọ́wọ́, ni wọ́n bá ṣèwádìí, tí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ooru wá. Ìgbà tí mo ka èyí ni mo tó mọ ìdí tí ilé àgbẹ̀dẹ abúlé wa fi máa ń ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan.

Tìrẹ wà lára wọn. Má yìn ín mọ́. Mo mọ̀ pé ó máa dùn ọ́. Tún un ṣe kó rẹwà, gbé e kọ́ ògiri, kí o sì fi kọ́ iṣẹ́ tí o bèèrè yìí, torí kò sí iṣẹ́ ìbọn kan tí mo fẹ́ràn tó o.

Ohun tó wà nínú ìgò yẹn, orí irin lásán ló ń jókòó sí. Ní ti àwọn ará àtijọ́, ìpáàrà gan-an ni wọ́n ń sọ di aṣọ irin. Fi ásítóònù fọ irin náà títí kò fi ní sí ọ̀rá kankan, kí ọwọ́ lásán má sì kàn án mọ́, ìbọ̀wọ́ ni kí o lò. Pa inú ọ̀pá lépo, fi igi dí i lẹ́nu àti nídìí. Ra omi ìpáàrà tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí, fi aṣọ tó kàn tutù díẹ̀ pa á lẹ́ẹ̀kan, má padà sórí rẹ̀. Gbé e kọ́ ibi tó lọ́rinrin. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí mo gbé ìkòkò omi gbígbóná sí ni mo ń kọ́ tèmi. Láàárín wákàtí díẹ̀, irun pupa tín-tìn-tín á bo gbogbo ara rẹ̀, ẹ̀rù á bà ọ́. Wá rì í sínú omi mímọ́ tó ń hó, irú èyí tí a ń dà sí bátìrì, omi ẹ̀rọ ilé ní iyọ̀ nínú. Fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 tàbí 20. Lójú rẹ báyìí, pupa á di dúdú.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ìyá bàbá mi ni mo rántí, tó ń pa aró. Àwọ̀ ewé ni aṣọ fi ń jáde nínú ìkòkò, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ aró. Wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún sá a. Ìyá àgbà kì í ka ìrìbọ̀ àkọ́kọ́ sí nǹkankan.

Tìrẹ náà rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ti inú omi jáde, fi irun irin tí o ti fi ásítóònù fọ epo rẹ̀ kúrò gbá a jẹ́jẹ́, dúdú tó rọ̀ á ṣí, èyí tó di mọ́ irin á kù. Tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà márùn-ún sí mẹ́jọ ni. Ti àkọ́kọ́ á rí bí eérú, ìkejì á rí jágbajàgba, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹrin, dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í jinlẹ̀. Bó bá parí, rì í sínú epo kó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ya fọ́tò rẹ̀ fún mi ní ẹ̀ẹ̀kẹrin yẹn, lọ́sàn-án, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, má tan iná fóònù sí i.